Okùn Iwájú Ilé Alhaji Sàlímọ́nù

Alhaji Sàlímọ́nù, tó máa ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kírun àsùbáà tán, ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, ìròyìn ti kárí Agbowa, ó ti dé Ìkòròdú. Láwàl, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń kó pákó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtamaga nígbà tí wọ́n pè é. Kò rántí ti ilẹ̀kùn tó fi wọkọ̀.

Nígbà tó máa fi délé, wọ́n ti ta kánópì, wọ́n ti to àga, omi tí wọ́n máa fi wẹ òkú ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná. Lèmọ́mù àdúgbò, Ààfáà Abdussalam, fà á mọ́ra.

"Ọlọ́hun á fi àlùjánnà ta wọ́n lọ́rẹ. A ò ní fi falẹ̀ rárá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ká ti sin wọ́n."

"Àmín, Ààfáà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni wọ́n ní ká sin àwọn sí."

"Ta ni kò mọ̀? Gbogbo wa ni wọ́n sọ ọ́ fún."

Láwàl wò yíká. "Baseerah ńkọ́?"

Ààfáà nawọ́ sí ìhà ọjà. Baseerah ni àbíkẹ́yìn Alhaji. Oyún rẹ̀ ti pé, láti ìdájí ló sì ti ń rọbí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó Láwàl, ti wá láti àná, òun ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Tẹniọlá ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún Baseerah pé bàbá rẹ̀ ti kú.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù tẹ́lẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má fi ẹkún kún un."

Ilé ìwòsàn náà kò ní dókítà tirẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára ti dé Agbowa, wọ́n ń lo dókítà Ẹ̀pẹ́. Tẹniọlá á de ìgbànú ẹ̀rọ mọ́ ikùn aláboyún. Ẹ̀rọ náà á máa ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, á máa fà á sílẹ̀ ní ìlà wínníwínní. Dókítà Benjamin tó jókòó sí Ẹ̀pẹ́ á máa wo ìlà yẹn bí ó ṣe ń jáde, bíi pé ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rí obìnrin náà, obìnrin náà ń rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, kò gbójú kúrò lára Baseerah.

Níwájú ilé, Síkírù ti bọ́ ẹ̀wù. Ọ̀rẹ́ Láwàl ni láti kékeré, òun ló sì máa ń gbẹ́ sàréè fún àdúgbò. Sàréè Mùlíkátù, ìyá Láwàl, wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti títì. Ní apá òsì rẹ̀, òkìtì búlọ́ọ̀kù kan wà tí Alhaji kó jọ láti fi kọ́ yàrá kan sí i. Apá ọ̀tún, níhà títì, ṣófo.

"Ibi tó ṣófo yẹn náà ni ká gbẹ́," Láwàl wí. "Ta ló máa ráyè kó búlọ́ọ̀kù lónìí?"

Síkírù tutọ́ sọ́wọ́, ó gbé díígà. "Láti ọjọ́ tí Ìyá ti lọ, Alhaji ò rẹ́ni bá ṣe àríyànjiyàn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí wọ́n lọ parí ẹjọ́ wọn."

Bàbá Ògúnsànyà, aládùúgbò wọn tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, mi orí. "Ìwọ Síkírù yìí, ẹnu ẹ ò mọ ọjọ́ ọ̀fọ̀."

"Bàbá, ẹni tó bá ń gbẹ́ sàréè tí kò ṣẹ̀fẹ̀, ẹkún ni yóò gbé e ṣubú sínú ẹ̀."

Kòtò ti jìn tó ìbàdí rẹ̀ nígbà tí díígà kan nǹkan. Kò dún bí òkúta, kò sì dún bíi gbòǹgbò. Síkírù fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò.

"Páìpù ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n."

Ògúnsànyà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kékeré yẹn, Ohùn Ọ̀sà, gbé okùn gba títì yìí kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n pè wá sípàdé kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n ní ibi tí okùn bá gbà, àwọn á ri òpó kúkúrú síbẹ̀, nọ́ńbà àwọn á wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ fawundéṣọ̀n, tàbí kànga, tàbí sọkawéè, kó kọ́kọ́ pe àwọn. Àwọn á wá fi ibi tí okùn gbà hàn án lọ́fẹ̀ẹ́."

"Òpó dà níbí?" Láwàl bi í.

Gbogbo wọn wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Koríko nìkan ni wọ́n rí.

"Kò sí," Ògúnsànyà wí. "Á jẹ́ pé ti ayé ọjọ́sí ni. Tẹlifóònù tí wọ́n máa ń fi ìka yí. Wáyà rẹ̀ wọ ilé bàbá tèmi nígbà náà. Ohùn ò bá a wọlé títí wọ́n fi kú."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́," Síkírù fi kún un, "wọ́n dárúkọ kànga, wọ́n dárúkọ sọkawéè. Ṣé wọ́n dárúkọ sàréè? Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kó tó sin òkú?"

Láwàl wojú ọ̀run. Oòrùn ń gòkè. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi nínú ilé.

"Gé e," ó ní. "Wọ́n ti ń wẹ Bàbá."

Síkírù gba àdá. Ó gé páìpù náà lápá méjèèjì kòtò, ó fa èyí tó wà láàárín jáde. Okùn dúdú kan wà nínú rẹ̀. Ó la okùn náà, ó ń wá bàbà tó lè tà fún àwọn tó ń ra irin, kò sì rí bàbà kankan. Fọ́nrán tín-ín-rín ló tú sí i lọ́wọ́: búlúù, pupa, ewéko, funfun, ó tín-ín-rín bí irun orí.

"Irun ni wọ́n kó sí i!" ó rẹ́rìn-ín. "Irun aláràbarà."

Ògúnsànyà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú fọ́nrán kan, ó yí i wò nínú oòrùn. Ó ṣẹ́ sí i lọ́wọ́.

"Láwàl," ó rọra pè é. "Ti ayé ọjọ́sí ò ní gíláàsì nínú."

Síkírù ju ìyókù fọ́nrán náà sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n lè torí ẹ̀ mú èèyàn?" Síkírù béèrè. Ẹ̀fẹ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu okùn tó já wọ inú ògiri kòtò. Ó fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dán an. Ó ní, "Tí Alhaji bá ti wà nínú ẹ̀, ta ló máa láyà tó máa ní ká hú wọn?"

Láwàl mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ké sí i láti inú ilé pé kó wá bá wọn fi aṣọ funfun di bàbá rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn padà.

Lásìkò tí àdá bọ́ sórí okùn yẹn gan-an, Dókítà Benjamin ń sọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n ilé ìwòsàn. Mọ́tò kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ṣetán láti gbé Baseerah lọ sí Ẹ̀pẹ́. Dókítà tẹjú mọ́ ìlà tí ẹ̀rọ ń fà, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Nọ́ọ̀sì Tẹniọlá, ẹ má tíì—"

Àwòrán rẹ̀ gan, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Tẹniọlá dúró kó padà. Kò padà. Ó gbé fóònù, ó pe Ẹ̀pẹ́. Fóònù ò lọ. Ó gba ti Ṣẹ̀rífátù, tí káàdì rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Òun náà ò lọ.

"Wọ́n ní kí ẹ má tíì ṣe kí ni?" Ṣẹ̀rífátù béèrè.

"Èmi náà ò mọ̀. Bóyá wọ́n ní kí n má tíì gbé e. Bóyá wọ́n ní kí n má tíì ní kó rin láti ti ọmọ jáde." Tẹniọlá gbé ọwọ́ lé ikùn Baseerah, ó wo ẹ̀rọ. Ìlà náà ń jó wálẹ̀. "Tí mo bá gbé e, tí gìrì bá mú un lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi nìkan ni mo ní. Tí mo bá fi í sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló máa gba ọmọ yìí là..." Ó yíjú sí Ṣẹ̀rífátù. "Ẹ sáré lọ pe Láwàl. Kó wá ẹni tí fóònù ẹ̀ ń lọ."

Wọ́n ti kírun sí Alhaji lára. Láwàl wà níhà orí, àwọn ọkùnrin mìíràn wà níhà ẹsẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹní tuntun gbé e jáde. Ṣẹ̀rífátù já wọ àárín wọn. Ìbòrí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká.

"Àwòrán dókítà ti kú! Kò sí fóònù tó ń lọ! Baseerah..." Èémí ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Sọ̀rọ̀!"

"Nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tó kàn. Wọ́n ní ọkàn ọmọ ń rẹ̀ ẹ́."

Àwọn tó ní fóònù yọ ọ́ lápò. Lójú gbogbo wọn, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láwàl wo máàsì fóònù tó ga sókè lẹ́yìn ọjà, tó dúró gírígírí bí ó ṣe máa ń dúró.

"Máàsì náà nìyí, kò ṣubú," ó ní. "Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀kadà kan dúró létí títì. Ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò líle kan kọ́ èjìká, orúkọ Ohùn Ọ̀sà wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó rí òkú, ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ kú àfẹ́kù. Ọlọ́hun á rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọmọ́ṣaléwá lorúkọ mi. Ẹ forí jì mí tí mo bá yín nírú àsìkò báyìí. Okùn wa já. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ níbí láàárọ̀?"

"A ò gbẹ́ ibì kankan," Síkírù yára dáhùn. "Sàréè nìkan la gbẹ́."

Ọmọ́ṣaléwá dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ìtóìkín ni mo wà tí wọ́n fi pè mí láti Ìkòròdú," ó ní. "Ẹ̀rọ wa níbẹ̀ máa ń rán ìmọ́lẹ̀ wọ inú okùn náà. Tí okùn bá já níbì kan, ìmọ́lẹ̀ á ta padà láti ibẹ̀, bí ohùn yín ṣe ń ta padà tẹ́ ẹ bá kígbe sínú kànga. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó padà ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Iwájú ilé yìí ló tọ́ka sí. Ó yẹ kí òpó wa wà níbí. Òpó kúkúrú, aláwọ̀ ọsàn, nọ́ńbà wà lára rẹ̀."

Láti ẹ̀yìn ilé, àgbò Alhaji ké.

Síkírù yíjú sọ́hùn-ún. Ògúnsànyà náà yíjú. Òpó kúkúrú kan ni wọ́n so àgbò náà mọ́. Wọ́n ti ri ín ní ìdorí-kodò, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́ ẹran.

"Háà," Ògúnsànyà wí. "Alhaji ní àwọn òṣìṣẹ́ ló gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ní irú òpó tó dáa báyìí, kò yẹ kó ṣòfò."

Láwàl ò wo òpó. Ó ṣì gbé orí bàbá rẹ̀ dání. "Arábìnrin, okùn yín yẹn, ṣé òun ni ilé ìwòsàn ń lò?"

"Òun ni, sà."

"Máàsì yẹn ńkọ́?"

"Máàsì kàn ń gba ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ fóònù yín ni. Inú okùn yìí ló ń sọ ọ́ sí kó tó dé ibi tó ń lọ. Tí okùn bá já, máàsì á dúró, kò sì ní sọ̀rọ̀."

Ojú Láwàl ṣókùnkùn. Kòtò tó ní kí wọ́n gbẹ́ fún bàbá rẹ̀ ló gba dókítà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Mo mọ ibi tó ti já," ó ní. "Inú sàréè yìí ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e."

"Láwàl!" Síkírù wí.

"Dákẹ́. Arábìnrin, ẹ lè mú mi tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe."

Gbogbo ojú yí sí Ààfáà Abdussalam. Ààfáà wo òkú, ó wo oòrùn.

"Ẹ̀tọ́ òkú ni pé ká tètè sin ín," ó ní. "Ẹ̀tọ́ alààyè ni pé kó yè. Bí méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró, òkú ló ń yà fún alààyè. Ẹ gbé Alhaji padà sínú ilé. Àwọn fúnra wọn ì bá ti ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé Alhaji padà. Ṣẹ̀rífátù sáré padà sọ́dọ̀ Baseerah.

Ọmọ́ṣaléwá bọ́ sínú sàréè. Síkírù hú ẹnu okùn jáde fún un, ó gbé e sójú kó lè wo inú rẹ̀.

"Má gbé e sójú!" Ọmọ́ṣaléwá gbá a lọ́wọ́. "Ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ kì í hàn, ó sì lè ba ojú jẹ́."

Ó ṣí kòtò oníbèbè sìmẹ́ǹtì kan tí koríko ti bò létí títì, ó fa okùn wá láti inú rẹ̀. Àwọn tó ri okùn náà ti ká ìyókù pamọ́ síbẹ̀ nítorí irú ọjọ́ báyìí. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò, kò ju àpótí bàtà ọmọdé lọ.

"Èwo lẹ máa kọ́kọ́ so?" Láwàl béèrè. "Ó pọ̀."

"Búlúù ni ti ilé ìwòsàn. Búlúù ni màá kọ́kọ́ so."

Ó bó fọ́nrán búlúù, ó fi ẹ̀mú fara balẹ̀ gé ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, ó fi sípíríìtì nù ún. Lára fọ́nrán gíláàsì, ekuru kékeré kan dà bí àpáta lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà mú ojú méjèèjì kan ara wọn, ó tan iná pẹ́ẹ́ láàárín wọn bíi mànàmáná, kí gíláàsì yọ́ kó sì di ọ̀kan.

Ọmọ́ṣaléwá wo ojú ẹ̀rọ.

"Ó kọ̀. Atẹ́gùn ń gbé iyẹ̀pẹ̀ wọ̀ ọ́."

Láwàl sáré wọlé. Nígbà tó jáde, ẹní tuntun tí wọ́n fi gbé bàbá rẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Ó ta á bo ẹnu sàréè. Òun di etí kan mú, Ògúnsànyà di ìkejì, Ààfáà fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó kù.

"Ẹ tún un ṣe," Láwàl ní.

Lábẹ́ ẹní, ọwọ́ Ọmọ́ṣaléwá tún gé, ó tún nù, ó tún tò. Wọ́n gbọ́ bí iná náà ṣe dún. Ó tún wo ojú ẹ̀rọ.

"Ó mú," ó ní.

Láwàl fi etí ẹní lé Síkírù lọ́wọ́, ó sì sáré.

Ní ẹ̀gbẹ́ sàréè, wọn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Fọ́nrán ti máàsì kò tíì so, fóònù kò tíì lọ. Ọmọ́ṣaléwá mú fọ́nrán tó kàn.

Ògúnsànyà ò lè pa ẹnu mọ́ mọ́. "Ọmọ mi, àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní okùn yìí? Ní ìpàdé yẹn, wọ́n mẹ́nu ba ìjọba, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi."

"Bàbá, gbogbo wa la ni ín. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá wo Agbowa, wọ́n ní èrè tó máa jáde níbẹ̀ kò tó ohun tí àwọn máa fi gbẹ́lẹ̀. Wọn ò parọ́. Ni ìjọba bá mú lára owó ìlú, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tiwa tó mọ àdúgbò. Àdéhùn wà níbẹ̀ o. Ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so. Iye tí ará Ìkòròdú ń san lóṣù ni ará Agbowa máa san. Wọn kì í sì í kó gbogbo owó náà lé wa lọ́wọ́. Tí okùn ìlú kan bá dúró dáadáa, wọ́n á yọ̀ǹda ti ìlú tó kàn."

"Tó bá ń já ńkọ́?"

"Ohun tó yẹ ká fi gbé okùn débòmíràn, orí ibi tó já la máa ná an tán sí."

Síkírù rọra béèrè, "Ìlú wo ló kàn?"

"Àwọn abúlé etí ọ̀sà."

Síkírù di etí ẹní mú ṣinṣin. Ọ̀kan nínú àwọn abúlé yẹn ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ jí ire, ó di kó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Láwàl dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti tẹ́ fóòmù sínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí kò sí nínú yàrá náà.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ ò tíì gbé e, àbí?"

"Rárá, sà. Ẹ ní kí n má tíì... ẹ ò sọ ọ́ tán."

"Ẹ má tíì gbé e, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ọmọ ti sún mọ́lé. Ojú ọ̀nà ni ì bá bí i sí. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ jẹ́ kí n rí ìlà yẹn... Ó ń padà sípò. Ó dáa. Baseerah, ṣé o ń rí mi? Tí ìrora bá ti tún dé, rin."

Láwàl dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀, ó gbọ́ Ṣẹ̀rífátù tó ń pe Ọlọ́hun, ó gbọ́ dókítà tó ń ka èémí fún un láti Ẹ̀pẹ́. Ó ń wo wáyà kan tó gba ara ògiri kọjá, kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, Baseerah ti fi orí lé ìrọ̀rí, òógùn bò ó. Ọmọ tuntun náà, ọmọbìnrin, wà láyà rẹ̀. Baseerah rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, ẹ pe Bàbá fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti bí."

Tẹniọlá wo Láwàl, ó mi orí díẹ̀: kò tíì tó àsìkò.

Láwàl sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n wà nílé," ó ní. "Wọn ò tíì lọ síbì kankan. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wo tìẹ ná."

Nígbà tó padà délé, àwọn èèyàn ti tò láti ìdí òkìtì búlọ́ọ̀kù dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ gbé ìyókù búlọ́ọ̀kù tí Láwàl ní kò sẹ́ni tó máa ráyè kó. Apá òsì sàréè Mùlíkátù ti ṣófo. Ọmọ́ṣaléwá ti so fọ́nrán tó kù, ó ti rin apá òsì náà wò, ó ti fọwọ́ sí i pé okùn kò gba ibẹ̀. Síkírù ti wà nínú kòtò tuntun, ó ń gbẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣẹ̀fẹ̀.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí wọ́n sin Alhaji Sàlímọ́nù. Ẹní tó fi wọlẹ̀ ní amọ̀ létí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Láwàl tú àgbò sílẹ̀, ó so ó mọ́ igi mángòrò. Ó wú òpó náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí nọ́ńbà ara rẹ̀ fi hàn ketekete, ó sì bá Ọmọ́ṣaléwá ri ín padà sétí títì. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ Baseerah rọlẹ̀, òun àti Ààfáà lọ bá a, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó sunkún púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìdí tí wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó sin Bàbá, Láwàl kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún un.

Ẹ̀yin ará wa, bóyá okùn irú èyí ti gba iwájú ilé tiyín náà, tàbí ó ń bọ̀ lọ́nà. Owó gbogbo wa ni ìjọba fi ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ láti gbé e dé ibi tí àwọn ńlá kò fẹ́ dé. Nítorí náà, tí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹ lọ. Ẹ béèrè ibi tí okùn máa gbà, ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ so mọ́ ọn, iye tí ẹ máa san. Tí ohun tí wọ́n ṣe bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ, ẹ fẹjọ́ sùn.

Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ohun yòówù kí ẹ fẹ́ gbẹ́, ẹ wá òpó, ẹ pe nọ́ńbà ara rẹ̀. Kì í ṣe kànga àti fawundéṣọ̀n nìkan. Bó jẹ́ sàréè lẹ fẹ́ gbẹ́, tí òkú sì ń dúró, ẹ pè. Ìpè kan kò ní dá ìsìnkú dúró tó bí okùn tó já ṣe máa dá a dúró. Tí ẹ kò bá sì rí òpó, ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn sọ pé kò sí okùn níbẹ̀. Ẹ bi alága àdúgbò, ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má wú òpó so ẹran, ẹ má fi ṣe ọgbà.

Bí díígà bá ṣèèṣì kàn án, ẹ dúró. Ẹ má gé e, kò sí bàbà nínú rẹ̀ tí ẹ lè tà. Ẹ má so ó bíi wáyà iná, ẹ má gbé e sójú, ẹ má sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ jẹ́wọ́ kíákíá, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe lè tètè dé.

Tí okùn bá já níwájú ilé yín, ẹ ò lè mọ ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀. Láwàl náà ò mọ̀.